BIOS desktop tòkunbọ̀: ṣé kí n ṣe é ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù títẹ ìwé ni mo ní ní Kubwa: fọ́tòkọ́pì, fọ́ọ̀mù JAMB, fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà, gbogbo iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ra desktop tòkunbọ̀ mẹ́ta ní Wuse, Dell OptiPlex 5060 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọjọ́ Ajé ni Windows ti ń sọ fún mi pé “Firmware” kan wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní, “Madam, BIOS nìyẹn o, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá kú, kò sí lọ́rùn mi.” Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní kí n ṣe é kíákíá, pé tí n kò bá ṣe é, fáírọ́ọ̀sì á wọlé. Iná ọ̀dọ̀ wa kò ṣeé fọkàn tán, ó lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti UPS tó ti lo ọdún mẹ́ta. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Owó àjọ ni mo fi ra àwọn ẹ̀rọ yìí, n kò sì tíì rí owó náà padà.

* * *

Àbúrò mi, ẹ kú owó, Ọlọ́run á fi èrè sí i. Ṣe é. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Windows bá ọ ṣe é, má sì ṣe é lónìí.

BIOS ni ètò kékeré tó ń gbé inú chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan lórí bọ́ọ̀dù. Òun ló ń kọ́kọ́ jí tó o bá tẹ bọ́tìnì, òun ló ń ka iye RAM, tó ń wá ibi tí dísíìkì wà, kó tó wá pe Windows. UEFI ni orúkọ tuntun rẹ̀, ṣùgbọ́n BIOS náà la ṣì ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ń kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí nínú chip yẹn, tí iná wá lọ, ohun tó máa kù níbẹ̀ kì í ṣe ti àná, kì í sì í ṣe ti òní. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń ba ẹni tó tà á fún ọ.

Ibi tí n kò ti bá a lọ ni “ẹ má fọwọ́ kàn án”. Fáìlì yẹn ti wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ. Windows ló gbé e wá, á sì ṣe é lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwọ lè fi í sílẹ̀, òun kò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbé desktop kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Nyanya, irú iṣẹ́ tìẹ náà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin tó ń jókòó síbẹ̀ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ó tẹ “Update and shut down” bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ó lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìjì. Ó dúró díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ẹ̀rọ ti há ni, ó wá di bọ́tìnì mú títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ìgbà tó tún tẹ̀ ẹ́, iná iwájú rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú lásán ni, ojú ẹ̀rọ kò tàn mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé BIOS ló ń kọ nígbà yẹn. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé kò yẹ kéèyàn fọwọ́ kan BIOS, kò sì fọwọ́ kàn án lóòótọ́.

Torí náà, tí wọ́n bá ní kéèyàn fi í sílẹ̀, mo máa ń béèrè pé: ta ni yóò wá ṣe é, ìgbà wo, ta ni yóò sì dúró tì í?

* * *

Mo ti ka èsì tí ẹ kọ sílẹ̀ láti àárọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Àwọn kan ní tí kò bá ti ń dá yín láàmú, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. N kò bú yín, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti san owó bọ́ọ̀dù ẹlòmíì látàpò ara yín. Láyé ìgbà tí à ń fi díìsìkì pẹlẹbẹ ṣe é, tí kò sí ọ̀nà ìpadàbọ̀ kankan lórí bọ́ọ̀dù, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Àwọn desktop ọ́fíìsì tí wọ́n ṣe ní bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ Dell máa ń tọ́jú ẹ̀dà ìgbàlà sórí dísíìkì, tó o bá sì di Ctrl àti Esc mú bó ṣe ń tan, á wá ẹ̀dà náà kàn. HP náà ní ti Windows+B látinú fláàṣì, èyí tó jẹ́ ti ọ́fíìsì nínú wọn sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní Sure Start, tó ń yẹ BIOS wò fúnra rẹ̀ tó sì ń dá a padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀rọ Nyanya yẹn kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó ti gba ọ̀pọ̀ là lójú mi.

Àwọn kejì ní kéèyàn máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí tuntun bá ti jáde. N kò gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, lẹ́yìn tí aráyé gbọ́ nípa Spectre àti Meltdown, ihò àbò inú chip tó ń ṣe ìṣirò, àwọn ilé iṣẹ́ sáré gbé BIOS jáde. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn tan ara wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni Intel fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, tí Dell àti HP sì yọ fáìlì wọn kúrò. Irú ìran Haswell, ìran kẹrin Intel, tó kún inú tòkunbọ̀ wa nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá a. Èmi máa ń jẹ́ kí tuntun pé bí oṣù kan kí n tó fún oníbàárà, àyàfi tí ohun tó wá wò bá ti ń ṣe ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Àwọn kẹta ní ka ìwé tó bá a wá. Ẹ̀yin ni mo bá lọ. Lójú ewé tí wọ́n ti ń wa BIOS, wọ́n máa ń kọ ohun tó tún ṣe sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ bó ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó. Tó bá jẹ́ àbò ni, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ń kú lójijì, ó ní ìdí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn tún orúkọ fáànù kọ ni, jókòó jẹ́ẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan ní Gwarinpa ní àdúgbò òun wà ní Band A, pé òun kò nílò UPS. Band A ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́. Kò ṣèlérí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìwọ nílò gan-an. Iná tó kàn ṣẹ́jú, tí búlùbù ṣe fìrì tó sì padà, tí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kò tiẹ̀ kọbi ara sí, ti pọ̀ tó láti pa kọ̀ǹpútà tó ń kọ BIOS.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour”, ẹ má lò ó nìkan. Iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹni ẹ̀gbẹ́ yín tó so wáyà mọ́ ọn kàn máa ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ wọlẹ̀. Epo sì lè tán.

Ínfátà ńkọ́? Ó dáa, àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń so mọ́ sólà ní ètò méjì: APL, tó ń gba bí mílísẹ́kọ́ńdì 20 kó tó bọ́ sórí bátìrì, àti UPS, tó ń gba bí 10. Desktop máa ń fara da 10 dáadáa. Ti 20, àwọn kan máa pa ara wọn. Mo ti rí i ní ilé kan ní Lugbe: gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀, fíríìjì kò mọ̀, desktop nìkan ló máa ń kú. Wọ́n ti ra RAM tuntun kí wọ́n tó pè mí. Ètò APL la yí sí UPS, ó parí.

Ti UPS rẹ tó ti lo ọdún mẹ́ta, àbúrò mi, òun ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí. Bátìrì 12V kékeré tó wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ, ooru ṣọ́ọ̀bù sì ń jẹ́ kó yára kú. Iná ara rẹ̀ á ṣì máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí: tan desktop kan ṣoṣo sórí rẹ̀, pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ, má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn rárá. Ṣí Windows, fi fídíò kan sí i. Kó o wá yọ UPS náà kúrò lára ògiri, kó o sì wo aago. Tó bá gbé e dé ìṣẹ́jú 15, ó tó. Tó bá ké lẹ́ẹ̀mejì tó sì kú, bátìrì nìkan ni kó o pààrọ̀, kì í ṣe UPS.

Kí o ṣe é nígbà tí iná wà, tí UPS ti kún. UPS á gbà á tí iná bá lọ. Ọjọ́ Àìkú ló dáa jù fún irú ṣọ́ọ̀bù rẹ, torí kò sẹ́ni tó máa dúró ní ẹnu ọ̀nà tí á máa sọ pé òun ń kánjú.

* * *

Ẹnìkan mú fídíò wá látorí YouTube, pé ìwọ kàn wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù, kó o lọ wa BIOS ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ to fúnra yín ni, tí ẹ ra bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ nínú páálí, òótọ́ ni. Èyí tó wá ní odindi láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹlòmíì lè bá Dell tàbí HP ṣe bọ́ọ̀dù náà, kó jọ ti ọjà bí ìbejì, síbẹ̀ ibi tí wọ́n so fáànù mọ́, iná iwájú àpótí, pátákó agbára (power supply), gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣètò ní tiwọn sínú BIOS. Ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí nìkan ni kẹ́ ẹ ti wá fáìlì.

Lára Dell, ẹ wo Service Tag, lẹ́tà àti nọ́mbà méje tó wà lára àmì ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé Dell, òun fúnra rẹ̀ á gbé èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu jáde. Ti HP, Lenovo àti Acer náà ní nọ́mbà tiwọn. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ nìkan: OptiPlex 7010 kan wà tí wọ́n ṣe ní ayé ìran kẹta Intel, òmíràn wà tó jáde ní 2023. Orúkọ kan náà, ẹ̀rọ tó jìnnà síra bí Kubwa àti Kánò.

Fún tòkunbọ̀, ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sọ. Ọ́fíìsì ní òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ẹni tó ń bójú tó wọn níbẹ̀ sì ti lè fi páswọọ̀dù sí BIOS. Ẹ tẹ F2 lára Dell, F10 lára HP, F1 lára ThinkCentre, kẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ wò ó kí ẹ tó san owó. Tó bá béèrè páswọọ̀dù, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ó ní UPS náà kú ní ìṣẹ́jú kejì, òun ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ó ń gbé e di ìṣẹ́jú 22 báyìí. Ó sì béèrè ohun tó kàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jókòó, ká jọ ṣe é.

Tẹ Windows àti R pa pọ̀, kọ msinfo32. Wo ibi tí wọ́n kọ BIOS Version/Date, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, torí mẹ́ta tó jọra yẹn lè má wà ní ibì kan náà. Wa fáìlì pẹ̀lú Service Tag. Wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa: nígbà míì wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ fi BIOS àárín kan sí i kó o tó dé èyí tó kẹ́yìn. Má fo èyí.

Nǹkan tó kàn yìí ló ń mú àwọn èèyàn sunkún, kì í ṣe BIOS. Windows lè ti ti dísíìkì rẹ pa pẹ̀lú BitLocker láìjẹ́ pé o mọ̀, pàápàá tó o bá fi ìméèlì Microsoft wọlé sí Windows 11. Ohun tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ náà ń wo BIOS. Tí BIOS bá yí padà, á rò pé olè ni, á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ tó ní nọ́mbà 48 lọ́wọ́ rẹ lójú ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù. Mo mọ akọ̀wé kan ní Garki tó ní iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ lórí dísíìkì bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi Windows sí i ló fi ìméèlì ara rẹ̀ ṣe é, nọ́mbà fóònù ẹni náà kò sì lọ mọ́. Títí dòní a kò rí iṣẹ́ yẹn.

Torí náà, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kọ manage-bde -status. Tó bá ní Protection Off, tẹ̀ síwájú. Tó bá ní On, kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́mbà 48 náà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ, kọ ọ́ sórí ìwé, kì í ṣe sórí ẹ̀rọ kan náà. Lẹ́yìn náà kọ manage-bde -protectors -disable C: -rc 0, tí gbogbo rẹ̀ bá parí kó o fi manage-bde -protectors -enable C: dá a padà.

Gbé fáìlì náà sórí fláàṣì tí wọ́n fi FAT32 ṣètò (format). Pa ẹ̀rọ. Tan án, máa tẹ F12 títí àtòjọ á fi jáde, yan BIOS Flash Update, fi fáìlì náà hàn án. Àwọn kan ti ń jà lókè pé inú Windows ló dáa jù, àwọn kan ní fláàṣì ni. Lórí ẹ̀rọ òde òní, èyí tó o tẹ̀ nínú Windows kàn ń gbé fáìlì sílẹ̀ ni, ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ bá tún ara rẹ̀ tan ló máa ń kọ ọ́ sí chip, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn kò tó ìjà. Mo fẹ́ F12 nítorí pé ìwọ lo mú àkókò, o sì mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́.

Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀: ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, fáànù á pariwo, á pa ara rẹ̀ á sì tún ara rẹ̀ tan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè kọjá. Fún un ní ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé wá bá mi, ìka ọwọ́ ló pa wọ́n, kì í ṣe iná.

Ẹ̀rọ kan lóòjọ́. Má ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀.

* * *

Bàbá kan láti Kárù béèrè pé ṣé fáírọ́ọ̀sì lè wọ BIOS lóòótọ́, àbí ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe kàn fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ ṣeun bàbá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láyé Windows 98 á rántí CIH: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999 ló jí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé, ó pa ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì rẹ́, ó sì kọ ìdọ̀tí sínú chip BIOS lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni àwọn olùwádìí tú àṣírí LogoFAIL: àwòrán àmì ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ń rí bí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹni ibi lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kó sì gba ibẹ̀ wọlé kí Windows tó jí. Inú BIOS tuntun nìkan ni wọ́n ti ń dí irú ihò yẹn, Windows kò lè dí i.

Òmíràn tún wà. Àwọn ìwé ẹ̀rí Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń jí kí Windows tó jí wò, tí Microsoft ṣe ní 2011, àkókò wọn ń parí bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2026. Ẹ̀rọ kò ní kú nítorí ẹ̀, á ṣì máa tan. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá gba ti 2023 kò ní máa rí àbò tuntun gbà fún apá tó ń jí kí Windows tó jí, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n nílò BIOS tuntun kí wọ́n tó lè gbà á. Ọmọ yẹn kò parọ́, àmọ́ kánjúkánjú rẹ̀ ni n kò fẹ́.

Ẹni tó béèrè bóyá BIOS tuntun lè jẹ́ kí OptiPlex 7050 gba Windows 11: rárá. Ìran kẹfà àti ìkeje Intel ni, Microsoft sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹjọ. BIOS kò lè sọ ìkeje di ìkẹjọ. Ti 5060 tí àbúrò wa rà wà lórí ìlà, ó rà á dáadáa, pàápàá bí Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

* * *

Ọ̀rẹ́ wa ní Kàdúná tó ń fi desktop i7 ìran kẹrìnlá ṣe fídíò ìgbéyàwó, tó ní ó ń kú tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde: tìẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ “bóyá”. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ẹ̀rọ Intel ìran 13 àti 14 ti desktop ní àìsàn kan tí Intel fúnra rẹ̀ gbà pé ó wà: iná tó ń béèrè ju èyí tó yẹ lọ, ó sì ń ba inú ẹ̀rọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oògùn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pẹ̀lú microcode (àṣẹ kékeré tí chip Intel náà ń tẹ̀ lé) 0x129, 0x12B sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. Inú BIOS ló ń gbà dé. Ṣùgbọ́n ó ń dá àìsàn dúró ni, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Tó o bá ṣe é tán tó ṣì ń kú, ẹni tó tà á fún ọ ni kó o padà sí pẹ̀lú ìwé ìrajà rẹ, torí Intel ti fi ọdún méjì kún àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà RAM fún ọ nítorí ẹ̀.

* * *

Ẹ béèrè bí ẹ̀rọ Nyanya ṣe parí.

Lára Dell, tí iná iwájú bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ní àwọ̀ ọsàn, lẹ́ẹ̀mejì ní funfun, BIOS ló bàjẹ́. Mo ṣí i, eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ ìyẹ́ irin orí ẹ̀rọ bí òwú. Mo gbọ̀n ọ́n nù ná. Mo wá chip náà, ó kéré ju èékánná ìka ọmọdé lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, àmì róbótó kékeré kan ní igun rẹ̀. Ibi àmì yẹn ni ẹsẹ̀ kìíní, ibẹ̀ ni wáyà pupa klíìpù, ohun tí à ń fi gbá chip mú láti kà á àti láti kọ ọ́, máa dojú kọ. Mallam tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi èkíní wé èkejì. Tí wọn kò bá bára mu, klíìpù kò jókòó dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ mi jà. Wọ́n á wá fáìlì odindi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ ọ́ lé e lórí, ẹ̀rọ á tan, wọ́n á gba owó. Nínú chip yẹn ni nọ́mbà ẹ̀rọ wà, àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ náà sábà máa ń wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ Windows tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Apá kan tún wà tó jẹ́ ti Intel ME, ètò kékeré Intel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ sí Windows: tí ti ẹlòmíì bá wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ lè máa kú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, oníbàárà á sì máa pààrọ̀ pátákó agbára lásán. Ẹ̀dà ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kẹ́ ẹ mú apá BIOS nìkan látinú fáìlì ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ rọra tò ó padà sínú ẹ̀dà náà.

Ẹ sì wo nọ́mbà tó wà lára chip. Àwọn kan ń jẹ 3.3V, àwọn kan 1.8V. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé dúdú kékeré tí gbogbo wa ń rà, CH341A, púpọ̀ nínú wọn ń tú 5V sára wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀. Mo ti jó chip kan bẹ́ẹ̀ rí, mo sì san án fún olówó rẹ̀.

Ẹ̀rọ Nyanya jí ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú nọ́mbà tirẹ̀ àti Windows tirẹ̀.

* * *

Àbúrò wa kọ̀wé lálẹ́ yìí pé ẹ̀rọ kìíní àti ìkejì ti ṣe tán, kò sí wàhálà. Ẹ̀kẹta kọ BIOS tán, ṣùgbọ́n Windows kò wọlé, ó ń gbé ojú búlúù wá pẹ̀lú INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ẹni tó tà á fún un ti gbọ́, ó ní “mo sọ fún yín”, ó ní kó gbé e wá kí òun tún fi Windows míì sí i.

Má gbé e lọ. Fáìlì rẹ kò sọnù, dísíìkì rẹ kò kú. Ètò kan ló padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Pa ẹ̀rọ náà, tan án, tẹ F2. Wọ System Configuration, wá SATA Operation. O máa bá a lórí RAID On. Ẹni tó fi Windows sí i fún ọ fi AHCI ṣe é ni, ìdí nìyẹn tí Windows kò fi rí dísíìkì rẹ̀. Yan AHCI, tẹ Apply, jáde.

Bó o bá ṣì wà nínú F2 yẹn, wọ Security, kó o yọ àmì kúrò lára UEFI Capsule Firmware Updates, lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí Windows má bàa tún gbé òmíràn wá bá ọ lójijì ní àárọ̀ tí àwọn ọmọ JAMB ti tò. Ìwọ náà ni á máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó. Ya téèpù funfun díẹ̀, kọ ọjọ́ òní àti nọ́mbà BIOS sí i, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀kẹta bá ti jí, ya àwòrán rẹ̀ fi hàn wá níbí. N kò tíì ní sùn.